Ojú Òní, Ọ̀rọ̀ Àná: Èsì Àwọn Òǹkàwé sí Àpilẹ̀kọ Ààrẹ Ẹgbẹ́ Òpìtàn Amẹ́ríkà ní 2022

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹjọ, ọdún 2022, àpilẹ̀kọ Ọ̀jọ̀gbọ́n James H. Sweet ti Yunifásítì Wisconsin ní Madison jáde nínú Perspectives on History, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn òpìtàn Amẹ́ríkà. Òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ náà lọ́dún yẹn, ojú ewé tí ààrẹ máa ń kọ̀wé sí ni ó sì lò. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 19, ó ti tọrọ àforíjì, wọ́n sì ti gbé ọ̀rọ̀ àforíjì náà sókè àpilẹ̀kọ kan náà. Ohun tí àwọn òǹkàwé sọ láàárín ọjọ́ méjì yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ń yẹ̀ wò. Èrò mi ni pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ilẹ̀ wa gan-an ni èsì ti tín-ín-rín jù.

Wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1884. Ọdún kan ni ààrẹ ń lò, ojú ewé rẹ̀ sì ni ó fi ń bá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Ní 2002, Lynn Hunt tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà fi ojú ewé yìí kìlọ̀ nípa fífi ojú òní wo àná. Ìkìlọ̀ yẹn ni Sweet mú bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Ó ní àìsàn náà ti wọra sí i: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé ń sá fún ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú 1800, ìjà ìṣèlú òní ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n àwọn tó ti kú.

Bí ó bá dúró síbẹ̀, bóyá ariwo kì bá tí pọ̀. Àpẹẹrẹ tó mú ni ó dá a sílẹ̀. Ó lọ sí Elmina ní Gánà, ilé olódi tí àwọn Potogí kọ́ ní 1482. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó rí ẹbí aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà kan pẹ̀lú ìwé The 1619 Project lórí tábìlì wọn, iṣẹ́ lórí ìtàn ẹrú ní Amẹ́ríkà tí Nikole Hannah-Jones ṣe agbátẹrù rẹ̀ fún ìwé ìròyìn New York Times ní 2019. Ó ní iṣẹ́ akọ̀ròyìn tó lágbára ni, ṣùgbọ́n ó bèèrè bóyá ìtàn ni. Ó ní nínú ọgọ́rùn-ún ẹrú tó gba Elmina kọjá, kò tó ẹyọ kan tó dé Amẹ́ríkà ti Àríwá, àti pé àwọn tó ń mú àlejò kiri kò sọ ti àwọn ọmọ ilẹ̀ tó ta ènìyàn. Ó mú fíìmù The Woman King náà, tí kò tíì jáde nígbà yẹn, ó ní ó ń pọ́n Dàhómì lé. Ó wá fi àwọn adájọ́ Clarence Thomas àti Samuel Alito kún un, nítorí ìdájọ́ ìbọn àti ti oyún ṣíṣẹ́ tí wọ́n kọ lóṣù Kẹfà ọdún náà.

Àwọn òpìtàn aláwọ̀ dúdú ni èsì wọn kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn, lórí Twitter. Ìbéèrè wọn kò le: ẹ̀bi àwọn òpìtàn ni ààrẹ ń sọ, kí ló dé tó jẹ́ iṣẹ́ akọ̀ròyìn, fíìmù àti ẹbí tó ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀? Wọ́n tún ní ó gbé ẹni tó ń wá orírun rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú adájọ́ tó ń lo agbára ìjọba. Mo gbà pé ẹ̀sùn kejì yìí ló wúwo jù, Sweet kò sì rí ìdáhùn sí i.

Èsì tó gùn tẹ̀lé e. Òpìtàn Keisha N. Blain kọ̀wé nínú The New Republic pé ó pẹ́ tí àwọn òpìtàn aláwọ̀ dúdú ti mọ̀ pé kò sí ìtàn tí kò ní ojú ẹni tó kọ ọ́. Priya Satia, ẹni tí ìwé rẹ̀ ní 2020 fi hàn bí èrò àwọn òpìtàn ṣe bá ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹrù rẹ̀, dá ààrẹ lóhùn nínú Perspectives fúnra rẹ̀. Òpìtàn David A. Bell náà kọ tirẹ̀ sínú Chronicle of Higher Education: ó rí àǹfààní nínú ojú òní, ṣùgbọ́n kò yìn ín tán.

Àwọn tó wá láti ìta kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Inú àwọn kan dùn pé ààrẹ òpìtàn fọwọ́ kan The 1619 Project. Èébú pọ̀ débi pé ẹgbẹ́ ti ojú ewé Twitter rẹ̀ mọ́ àlejò fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí Sweet tọrọ àforíjì, tó sì dárúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ dúdú nínú rẹ̀, àwọn kan ní kò dáhùn ohun tí wọ́n bi í, àwọn mìíràn ní wọ́n fipá mú un ni. Bret Stephens ti New York Times fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀rù ń ba àwọn ọ̀mọ̀wé.

Níbi tí ariwo ti pọ̀ tó báyìí, kò sí ẹni tó jókòó ti Dàhómì pẹ́, bẹ́ẹ̀ Dàhómì kì í ṣe àfiwé lásán fún wa. Ọba Ghezo tí fíìmù náà gbé ga jọba láti 1818 sí 1858. Òun ló já okùn ìṣákọ́lẹ̀ Ọ̀yọ́ kúrò lọ́rùn Dàhómì. Ọmọ ogun Dàhómì kọ lu Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, wọ́n sì pa Kétu run ní 1886. Nínú fíìmù, Ọ̀yọ́ ni ọ̀tá. Nínú ìtàn, Ọ̀yọ́ àti Dàhómì ló jọ ta ènìyàn. Sweet mọ èyí ju ọ̀pọ̀ lọ. Ìwé rẹ̀ ti 2011 sọ nípa Domingos Álvares, oníṣègùn kan láti ilẹ̀ Mahi, tí ogun Dàhómì sọ di ẹrú ní Bùràsíìlì. Sùúrù inú ìwé yẹn kò sí nínú àpilẹ̀kọ yìí rárá, ó sì dùn mí, nítorí òun gan-an ló lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Dàhómì fún àwọn òǹkàwé.

Ti Elmina náà, ohun tó sọ pé díẹ̀ ló dé Amẹ́ríkà ti Àríwá bá àkọsílẹ̀ gbogbo òwò ẹrú náà mu. Nínú mílíọ̀nù méjìlá àbọ̀ ènìyàn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ láti Áfíríkà, nǹkan bí 388,000 ló dé Amẹ́ríkà ti Àríwá tààrà. Àwọn tó dé Bùràsíìlì lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀. Ṣùgbọ́n iye kọ́ ni yóò sọ ibi tí ọmọ yóò ti sunkún bàbá rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n mú bàbá ńlá rẹ̀ gbà jáde yóò lọ sí èyí tó ṣì dúró.

Ẹni tí mo fẹ́ kí wọ́n pè wá jẹ́rìí ni Kossola, tí Amẹ́ríkà mọ̀ sí Cudjo Lewis. Ìlú tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ni ọmọ ogun Dàhómì, tọkùnrin tobìnrin, ti mú un ní 1860. Wọ́n tì í mọ́lé ní Ouidah, ọkọ̀ Clotilda sì gbé e lọ sí Alabama. Òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìwé náà, Barracoon, kò jáde títí di 2018, ọdún mẹ́rin péré ṣáájú àpilẹ̀kọ Sweet. Arúgbó náà sọ ohun tí àwọn òyìnbó ṣe fún un, ó sọ ohun tí Dàhómì ṣe fún ìlú rẹ̀, ó sì ń sunkún ilé bó ti ń sọ méjèèjì.