Ọtí Àdàlù

Àbúrò mi kan tó fẹ́ràn àlejò ṣíṣe ló ní kí n kọ bí wọ́n ṣe ń po canchánchara sílẹ̀ fún òun ní Yorùbá. Mo rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Alẹ́ mẹ́ta ló gbà mí. Ọtí náà kò ṣòro í pò rárá. Orúkọ àwọn nǹkan inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè sùn.

Trinidad, ìlú àtijọ́ kan ní gúúsù Kúbà, ni wọ́n mọ ọtí yìí mọ́ jù, inú ife amọ̀ kékeré ni wọ́n sì ń bù ú sí. Wọ́n ní àwọn mambí ló kọ́kọ́ ń mu ún, ìyẹn àwọn tó gbógun ti Sípéènì láti 1868, nígbà tí Carlos Manuel de Céspedes dá àwọn ẹrú oko ìrèké rẹ̀ sílẹ̀ tó sì pè wọ́n sógun. Oyin wà nínú igbó, ọsàn wẹ́wẹ́ wà, aguardiente kò sì ní wọ́n níbi tí ìrèké pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Aguardiente yìí ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Àwọn ará Sípéènì so "omi" mọ́ "tó ń jó" ni. Bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kẹrosíìnì ni òǹkàwé yóò rò. "Ọtí líle" fẹ̀ jù: sínáàpù wà níbẹ̀, wisikí wà níbẹ̀. Rọ́ọ̀mù sún mọ́ ọn, àmọ́ rọ́ọ̀mù máa ń pẹ́ nínú àgbá igi ju èyí lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ni mo ti rí i. Wọ́n á da ògùrọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á dáná sí i, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá láàárín omi tútù, á wá máa kán tótó sínú ìgò. Ògógóró nìyẹn. Iṣẹ́ kan náà ni ti Kúbà, àfi pé ìrèké ló dípò ògùrọ̀. Ògógóró ìrèké ni mo kọ, àlàyé sì parí.

Ṣáájú iná, omi ìrèké gbọ́dọ̀ di ọtí fúnra rẹ̀. N kò lè ní ó "kan", torí ọtí kíkan ti di nǹkan mìíràn nínú Bíbélì àti nílé ìdáná. N kò lè ní ó "hó", iná ni wọ́n máa rò. Àwọn ẹlẹ́mu ló gbà mí sílẹ̀: ó ń yọ ìfófòó, ó sì ti le.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni orúkọ irú ọtí tí canchánchara jẹ́, èyí tí a po láti inú oríṣiríṣi. Àbùlà ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Nílé olóúnjẹ ní Ìbàdàn, àbùlà dùn létí: gbẹ̀gìrì àti ewédú lórí àmàlà. Gbé e dé ìdí ẹmu, ó di ẹ̀sùn. Ẹlẹ́mu tó bu omi là á ti rẹ́ni jẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé òtítọ́ ẹnìkan kò lábùlà. Àdàlù kò ní àbùkù yẹn. Ẹ̀wà àti àgbàdo wà nínú rẹ̀, ẹ mọ ìgbà tí eyín bá kan ẹ̀wà, ẹ sì mọ ìgbà tó bá kan àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni canchánchara ṣe ń ṣe lẹ́nu: oyin á ṣáájú, ọsàn á tẹ̀ lé e, ògógóró á dúró dè yín lọ́nà ọ̀fun.

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan tún kù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ po ọtí yìí, mo da oyin lé yìnyín. Ó dì pọ̀ mọ́ ṣíbí bí oje igi, ìyókù jókòó sísàlẹ̀ ife. Oyin kò ní láti yọ́ bí òrí, yíyòrò bí iyọ̀ ló yẹ kó yòrò. Nítorí náà ohun tí mo kọ fún àbúrò mi rèé: ṣíbí ìjẹun oyin 1, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 1, omi lásán 1; pò wọ́n títí oyin yóò fi yòrò tán. Lẹ́yìn náà ni kí o da ògógóró ìrèké ṣíbí 4 sí i, kí o sì fi yìnyín kún un.

Lẹ́yìn tí mo kọ ọ́ tán ni mo rántí pé àwọn ọ̀rọ̀ kan ti ṣáájú mi débẹ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lukumí, gbé otí, omí àti oñí dání, òǹkọ̀wé Lydia Cabrera sì kó èdè wọn jọ sínú ìwé Anagó ní 1957. Títí dòní, otí ni àwọn ọmọ òrìṣà níbẹ̀ ń pe aguardiente tí wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ sí Ẹlẹ́gbára lára.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé oúnjẹ àti ohun mímu ní Yorùbá, ẹ bá mi lo ọtí àdàlù.