Òfin Yí, Ẹnu Kò Yí: Ohun Tí Fíìmù Las niñas Kọ́ Mi Nípa Ìtàn Spéìn

Ní ọdún 1992, ojú gbogbo ayé wà lára orílẹ̀-èdè Spéìn. Ní oṣù kẹrin, ìpàtẹ àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Seville. Nígbà tí ó di oṣù keje, ìdíje Òlíńpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní Barcelona. Spéìn fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun ti di tuntun. Ọdún yìí gan-an ni Pilar Palomero, obìnrin tí wọ́n bí sí Zaragoza ní 1980, yàn fún fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí ó darí, èyí tí ó jáde ní 2020. Las niñas ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn "Àwọn Ọmọdébìnrin". Kò gbé kámẹ́rà lọ sí pápá ìṣeré. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn sístà ìjọ Àgùdà ní Zaragoza ni ó gbé e lọ, sí àárín àwọn ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí pé fíìmù náà jẹ́ ẹlẹ́rìí ìtàn, nítorí ó jẹ́ kí a rí i pé òfin lè yí lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ènìyàn kì í tètè yí.

Kí a tó lè mọ ohun tí ojú àwọn ọmọ náà rí, ó yẹ kí a mọ ohun tí ojú àwọn ìyá wọn ti rí. Ogun abẹ́lé jà ní Spéìn láti 1936 sí 1939. Ọ̀gágun Francisco Franco ni ó borí, ó sì wà lórí oyè títí ó fi kú ní 1975. Ìjọba rẹ̀ pa òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti 1932 rẹ́. Títí di 1975, obìnrin tí ó wà nílé ọkọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ọkọ kí ó tó lè ṣiṣẹ́ tàbí kí ó ṣí àkáǹtì ní báńkì. Ẹ̀tọ́ ọmọ tí a bí láìsí ìgbéyàwó kò tó ti àwọn ọmọ yòókù.

Lẹ́yìn ikú Franco, nǹkan yára yí padà. Òfin ìpìlẹ̀ 1978 sọ pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba, àti pé a kò gbọdọ̀ fi bí wọ́n ṣe bí ènìyàn fi ẹ̀tọ́ dù ú. Ní 1981, òfin fún gbogbo ọmọ ní ẹ̀tọ́ kan náà, yálà òbí wọn ṣègbéyàwó tàbí wọn kò ṣe é. Ọdún kan náà ni ìkọ̀sílẹ̀ tún padà bófin mu. Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Celia, ọmọ ọdún 11 tí fíìmù náà dá lé. Bí a bá ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, nǹkan bí ọdún tí òfin yẹn jáde ni wọ́n bí i. Òun àti ìyá rẹ̀, Adela, nìkan ni wọ́n jọ ń gbé. Wọ́n sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ti kú, wọn kò sì fẹ́ kí ó béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Brisa, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun láti Barcelona, wọ kíláàsì wọn, àwọn méjèèjì di kòríkòsùn. Ọ̀dọ̀ Brisa àti àwọn ọ̀rẹ́ yòókù ni Celia ti rí ohun tí ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ kò sọ fún un. Wọ́n ń gbọ́ orin pọ̀, wọ́n sì ń bi ara wọn ní ìbéèrè tí wọn kò jẹ́ bi sístà.

Níbi eré wọn náà ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu ọmọ kan nípa bàbá Celia, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún òun. Bí ọmọdé bá sọ̀rọ̀ àgbà, a mọ̀ pé ilé ni ó ti gbọ́ ọ. Òfin ti fi ọdún mọ́kànlá sọ pé kò sí ìyàtọ̀ láàrin ọmọ àti ọmọ, síbẹ̀ àwọn àgbà ṣì ń sọ ọ́ nínú yàrá, àwọn ọmọ sì ń gbé e wá síbi eré. Ọ̀rẹ́ ni ó dá Celia lọ́gbẹ́, ọ̀rẹ́ náà ni ó sì mú kí ó ní ìgboyà láti béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ìtàn àtọwọ́dá kò lè jẹ́ ẹ̀rí. Lóòótọ́, a kò lè bá Celia nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ìtàn náà jẹ́ ọmọ Zaragoza, ọjọ́ orí rẹ̀ ní 1992 kò sì jìnnà sí ti Celia. Ìwé ìjọba yóò pa ọjọ́ tí òfin jáde mọ́. Kì í pa ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàrin ìyá àti ọmọ nídìí oúnjẹ mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, sístà tó ń kọ́ wọn lórin ní kí àwọn kan máa la ẹnu lásán, kí ohùn wọn má jáde. Celia wà lára wọn. Ní ìparí, ó kọrin. Lójú mi, ìtàn àwọn obìnrin Spéìn lẹ́yìn Franco nìyẹn. Ní 2021, fíìmù náà gba ẹ̀bùn Goya fún fíìmù tó dára jù lọ, Daniela Cajías tó ya àwòrán rẹ̀ sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba Goya fún iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, nígbà tí a bá kà nínú ìwé ìtàn pé òfin kan yí padà ní ọdún báyìí, ẹ jẹ́ kí a tún béèrè ìbéèrè kan sí i: ọdún wo ni ọmọ tí òfin náà wà fún tó lè sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn?