Ìwé Àfọwọ́kọ Lárúbáwá àti Ohun tí Àtòjọ Kò Sọ fún Olùwádìí

Bí ẹnikẹ́ni bá dìde láti kọ ìtàn ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní ilẹ̀ Káàárọ̀-o-ò-jíire, ìwé àwọn míṣọ́nnárì àti ti àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ kàn, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ wọ́n, wọ́n sì wà létòlétò. Bẹ́ẹ̀ ni kí àwọn míṣọ́nnárì tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, ìrun kíkí ti mọ́ àwọn kan lára ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ohun tí àwọn àlejò wọ̀nyí sì kọ nípa mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ẹni tí ń bá wọn du ọmọ ẹ̀yìn ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀rí àwọn áfáà fúnra wọn, èyí tí wọ́n fi kálàmù àti tàdáwà kọ, ń bẹ nílẹ̀.

Ní Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ilé ìkàwé Yunifásítì tí à ń fi orúkọ Kenneth Dike pè lónìí ti ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, W. E. N. Kensdale sì tẹ àtòjọ wọn jáde láàárín 1955 sí 1958. Ní 1964, John Hunwick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibùdó àkójọ ìwé Lárúbáwá sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yá ìwé lọ́wọ́ onílé, tí wọ́n ń yà á sínú máíkírófíìmù, tí wọ́n sì ń dá a padà fún ẹni tó ni ín. Inú ìwé àtìgbàdégbà ibùdó yìí ni a ti ṣàlàyé ìwé ìtàn Ìlọrin Àfọ̀njá tí Ahmad ibn Abi Bakr kọ ní 1912 fún àwọn olùwádìí ní 1965.

Iṣẹ́ ribiribi ni àtòjọ, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá ń fi orúkọ Yorùbá wá ìwé kì í bá Mi‘raj al-Su‘ud pàdé, nítorí ọ̀rọ̀ òfin nípa ẹni tó tọ́ láti mú lẹ́rú ni Ahmad Baba ará Timbuktu ń dáhùn ní nǹkan bí 1615, síbẹ̀ inú rẹ̀ ni orúkọ Yorùbá ti jáde láàárín àwọn tí kì í ṣe mùsùlùmí. Bákan náà ni Infaq al-Maysur tí Muhammad Bello parí ní 1812: jíhàádì Sókótó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé, ṣùgbọ́n ó yà sórí ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ewé ìwé fúnra rẹ̀. A kì í sábà gán ewé wọ̀nyí pọ̀, àpò awọ ni wọ́n ń kó wọn sí, nítorí náà akọ̀wé a fi ọ̀rọ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tó kàn sí ìsàlẹ̀ èyí tó ń kọ, kí ewé má baà dàrú. Bí a bá gbé òmíràn kọjú sí ìmọ́lẹ̀, àmì òṣùpá mẹ́ta a hàn: bébà Ítálì nìyẹn, tó gba Tripoli la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, kò sì sí bí àdàkọ ṣe lè dàgbà ju bébà tó wà lórí rẹ̀ lọ. Ní etí ewé, àlàyé tí olùkọ́ ṣe fún ọmọ kéwú lè wà níbẹ̀, nígbà mìíràn ní èdè Yorùbá tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Ní ìparí, adàwékọ a sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí iṣẹ́, èyí tí olùwádìí kò gbọdọ̀ ṣì mú fún ọjọ́ tí òǹkọ̀wé kọ ọ́. Kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ọdún Híjírà fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú sí ti òyìnbó, àti pé oṣù kọkànlá 1785 ni ọdún Híjírà 1200 wọlé.

Ta ni yóò ka gbogbo èyí láìṣìnà? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀mọ̀wé mọ bí a ti ń fi ẹ̀rí wé ẹ̀rí, áfáà sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé àti ìlà àwọn olùkọ́ tó fi kéwú lé ara wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, kí yunifásítì fi áfáà ṣe alábàáṣiṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ yóò hàn lórí iṣẹ́, kí àwọn ìdílé áfáà náà sì jẹ́ kí a ya àwòrán tírà tó wà nínú àpótí wọn kí ikán tó jẹ ẹ́ tán. Ìtàn Ìsìláàmù nílẹ̀ wa tí a bá kọ láìtú àwọn ewé wọ̀nyí, àbọ̀ ìtàn ni.