Pèrègún Ààlà àti Ọ̀ràn Igi Tí Ó Kún Jù

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí ni ó ti rí i rí, yálà ní oko baba wọn tàbí ní ẹ̀yìn ilé tí wọn ń gbé: igi tí a fi pààlà hù títí ó fi kún, ó tẹ̀ sí ìhà kan, ẹ̀ka rẹ̀ bo ọ̀gbìn ẹni kejì, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí ilẹ̀ ọ̀kan parí sí. Ẹni tí òjìji bo iṣu rẹ̀ a mú àdá. Ẹni tí ó ni igi a dé, a bá igi ní ilẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì di ti kóòtù. Àwa fẹ́ sọ níhìn-ín bí ọ̀ràn náà ti rí láàrin àwọn baba wa, àti ohun tí ó sọ ọ́ di líle.

Pèrègún ni igi tí a mọ̀ jù fún ààlà. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. A gé ọ̀pá rẹ̀ ní ìgbà òjò, a fi gún ilẹ̀, ó sì hù. Bí iná oko bá jó o, a tún rú. Ewé rẹ̀ a máa tutù ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí igbó gbogbo ti gbẹ, tí ojú fi lè tọpa rẹ̀ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n èyí tí àwa kà sí jù ni pé kò ní èso tí ènìyàn ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni igi rẹ̀ kò wúlò fún ilé kíkọ́. Nínú òfin àtijọ́ wa, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ni ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó lè ni igi orí rẹ̀. Nítorí èyí ni a kì í fi gbà fún ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ pé kí ó gbin obì tàbí irú igi bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ. Bí a bá fi obì pààlà, ta ni yóò ká a? Ẹni tí baba rẹ̀ ká a, tí òun náà ká a, yóò wí ní ọjọ́ kan pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni tòun. Pèrègún kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan, nítorí náà ẹ̀rí rẹ̀ kò ní ojúsàájú.

A ń lo akòko pẹ̀lú, ewé tí a fi ń jẹ oyè, igi tí ènìyàn kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Lápálàpá, tí àwọn mìíràn ń pè ní bòtujẹ̀, ti Amẹ́ríkà wá ní ìgbà ọkọ̀ àwọn Potogí. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, nítorí náà ó dára yí ọgbà ká, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé májèlé ni èso rẹ̀, kí olúkúlùkù sì kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí igi ààlà bá kún, àwọn tí ó jọ pààlà a máa ro ojú ààlà ní ìṣojú ara wọn kí iṣẹ́ oko tó bẹ̀rẹ̀, wọn a sì mú àwọn ọmọ wọn dání kí wọn lè mọ̀ ọ́n. Gígé ẹ̀ka kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Híhú gbòǹgbò ni ẹ̀ṣẹ̀. Ní ìgbà náà ilẹ̀ pọ̀, oko a máa ṣí kiri, ìbú ẹsẹ̀ kan kì í ṣe ohun tí a ń jà sí.

Kòkó ni ó yí i padà. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni J. P. L. Davies dá oko kòkó rẹ̀ ní Ìjàn lẹ́bàá Agége. Lẹ́yìn ọdún 1890 ó ti ń dé Ìbàdàn àti àwọn ilẹ̀ ìlà-oòrùn rẹ̀. Igi tí ń so fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kò jẹ́ kí oko ṣí mọ́, ìbú ẹsẹ̀ kan sì di owó.

Nígbà kan náà ni òfin Gẹ̀ẹ́sì wọlé. Òfin wọn bí ó ti wà ní ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 1900 ni a gbà sínú àwọn kóòtù ilẹ̀ wa. Ẹjọ́ Lemmon àti Webb, tí ó wà nínú ìwé ìdájọ́ ọdún 1895, ni ó fi ìdí ọ̀ràn yìí múlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn: ẹni tí ẹ̀ka igi ẹlòmíràn bo ilẹ̀ rẹ̀ lè gé e dé ojú ààlà, kò sì di dandan kí ó kọ́kọ́ sọ fún oní-igi, bí kò bá ní láti wọ ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1919 wọn tún dá ẹjọ́ kan pé èso orí ẹ̀ka tí ó gé kì í ṣe tirẹ̀. Èyí kò jìnnà sí ohun tí àwọn àgbà wa mọ̀, pé ẹ̀ka yàtọ̀ sí gbòǹgbò, igi sì yàtọ̀ sí ilẹ̀.

Níbi pé kí a gé e láìsọ ni àwa kò ti lè tẹ̀lé wọn. Ẹni tí ó ní ìwé àti àwòrán ilẹ̀ lè pàdánù igi kan, kí ààlà rẹ̀ má sì yẹ̀. Ní oko tí a kò kọ sínú ìwé, igi náà ni ìwé. Ẹni tí ó gé e ní òun nìkan, ì báà ṣe ẹ̀ka lásán, ti fi ọwọ́ kan ẹ̀rí tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, bí ẹni kejì bá sì wí pé ó yí i, kí ni yóò fi dáhùn?

Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí abẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn awọnlẹ̀ sì ti ri òpó sìmẹ́ńtì sí ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ pèrègún tí ó kún ni òpó náà a máa sọnù sí. Ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé, kí ó ránṣẹ́ pe ẹni tí wọn jọ pààlà, kí àgbà kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, kí wọn ro abẹ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi rí òpó, lẹ́yìn náà kí wọn gé e sí gíga tí àwọn méjèèjì fẹ́. Kí wọn má ṣe hú kùkùté, kí wọn má sì dáná sí i. Ní òjò àkọ́rọ̀ yóò tún rú.