Viktor Korchnoi: ọ̀ta ayò tí adé kò bọ́ sí lórí

Nídìí ayò, ọ̀ta ni à ń pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, òpè ni à ń pe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta. Kò sí ọ̀ta kan láyé tí kò ti ipò òpè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀ta tó ta ayò kan ṣoṣo fún ọdún tó lé ní ọgọ́ta. Orúkọ rẹ̀ ni Viktor Korchnoi. Ó lépa adé ayò náà títí, adé kò bọ́ sí i lórí. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí wọ́n bá ń ka àwọn ọ̀ta ayò náà, orúkọ rẹ̀ kì í gbẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó fà á.

Irú ayò wo ni?

Ayò tí à ń wí kì í ṣe ayò ọlọ́pọ́n tiwa. Ṣẹ́ẹ̀sì ni. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní échecs. Ayò ọlọ́pọ́n ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48, gbogbo ọmọ ayò náà sì dọ́gba. Ti ṣẹ́ẹ̀sì yàtọ̀. Orí pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n ti ń ta á. Ojú 64 ló wà lára pákó náà, funfun kan, dúdú kan. Ènìyàn méjì ló ń ta á, olúkúlùkù sì ní ọmọ ayò 16. Ọba wà nínú wọn, ayaba wà, ẹlẹ́ṣin wà, àwọn ọmọ ogun tó ń fi ẹsẹ̀ rìn sì wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń rìn. Ẹni tó bá ká ọba ẹnì kejì mọ́, tí ọba náà kò ríbi sá sí mọ́, òun ló jẹ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè jẹ, wọ́n ta ọ̀mì nìyẹn.

Ẹgbẹ́ kan wà tó ń bójú tó ayò yìí káàkiri ayé. FIDE ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó bá mọ̀ ọ́n ta jù lọ, FIDE a fi wọ́n jẹ oyè Ọ̀gá Àgbà. Ẹni tó bá jẹ oyè náà, tirẹ̀ ni títí di ọjọ́ ikú. Ṣùgbọ́n adé ayé yàtọ̀ sí oyè. Ẹnì kan ló ń dé e, ẹlòmíràn sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ inú ìlú tí ogun dó tì

Ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 1931 ni wọ́n bí Korchnoi ní ìlú Leningrad, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Láti ọdún 1991 ni ìlú náà ti padà sí orúkọ rẹ̀ àtijọ́, Saint-Pétersbourg. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ayò nígbà tó wà ní kékeré.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1941, àwọn ọmọ ogun Jámánì yí ìlú Leningrad ká. Wọ́n dó tì í fún ọjọ́ 872. Oúnjẹ kò rí ọ̀nà wọlé. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, búrẹ́dì gíráàmù 125 ni ọmọdé ń rí gbà lóòjọ́. Bí a bá pín búrẹ́dì kílò kan sí ọ̀nà mẹ́jọ, ìpín kan ṣoṣo nìyẹn. Òtútù ń pa ènìyàn, ebi ń pa ènìyàn. Àwọn tó kú nínú ìlú náà lé ní 600,000.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Viktor nígbà náà. Bàbá rẹ̀ bá ogun lọ ní ọdún 1941 yẹn kan náà. Ìyá àgbà rẹ̀ kú nínú ìyàn náà. Ìyàwó bàbá rẹ̀, tí kì í ṣe òun ló bí i, ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ìlú rọ̀, ọmọ náà wọ ilé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní oríṣiríṣi nǹkan, ó sì jókòó ti ayò. Ní ọdún 1947, ó gba ipò kìíní láàárín àwọn ọ̀dọ́ gbogbo Sófíẹ́ẹ̀tì. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì ìlú rẹ̀. Ní ọdún 1956, ó jẹ oyè Ọ̀gá Àgbà. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gba ipò kìíní ní Sófíẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ọ̀ta pọ̀ sí jù láyé nígbà náà.

Ayò di ọ̀rọ̀ ìjọba

Ìjọba kọ́múníìsì ló wà ní Sófíẹ́ẹ̀tì. Àwa ará Bẹ̀nẹ̀ mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé láti ọdún 1974 títí di 1989, ìjọba tiwa náà sọ pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni òun ń tọ̀. Ní Sófíẹ́ẹ̀tì, ìjọba ló ń san owó oṣù fún àwọn ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì. Ìjọba náà ló ń sọ ẹni tó lè lọ ta ayò nílẹ̀ òkèèrè àti ẹni tí yóò jókòó sílé. Láti ọdún 1948 títí di 1972, ọmọ Sófíẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń dé adé ayé. Ìjọba wọn a máa fi í yangàn.

Ní ọdún 1972, Bobby Fischer ará Amẹ́ríkà gba adé náà lọ. Ó wá di dandan fún Sófíẹ́ẹ̀tì láti gbà á padà. Ní ọdún 1974, ọmọ Sófíẹ́ẹ̀tì méjì ló kù tí wọn yóò jọ ta, kí ẹni tó bá jẹ lè lọ kojú Fischer. Korchnoi ni ọ̀kan, ẹni ọdún 43. Anatoly Karpov ni èkejì, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún 23. Karpov ni àwọn aláṣẹ fẹ́. Ayò 24 ni wọ́n ta ní Moscow. Karpov jẹ mẹ́ta, Korchnoi jẹ méjì, wọ́n ta ọ̀mì 19. Ayò kan péré ni Karpov fi jù ú lọ. Nígbà tó di ọdún 1975, Fischer kọ̀, kò wá. FIDE sì gbé adé lé Karpov lórí láìjẹ́ pé ó bá Fischer ta ayò kan.

Korchnoi kò dákẹ́. Ó bá oníwèé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn aláṣẹ bínú. Wọ́n dín owó oṣù rẹ̀ kù, wọn kò sì jẹ́ kó jáde kúrò nílẹ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀.

Ó sá kúrò nílé

Ní oṣù keje ọdún 1976, wọ́n jẹ́ kó lọ ta ayò ní Amsterdam, ní ilẹ̀ Họ́láǹdì. Nígbà tí ìdíje parí, kò padà sílé mọ́. Ó lọ bá ọlọ́pàá ibẹ̀, ó ní kí wọ́n gba òun sílẹ̀ wọn. Ẹni ọdún 45 ni. Nígbà tó yá, ó lọ fìdí kalẹ̀ sí Súwísì, ibẹ̀ ló sì gbé títí tó fi kú.

Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ Bella àti ọmọ rẹ̀ Igor wà ní Leningrad. Ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀ta Sófíẹ́ẹ̀tì náà kò wá sí ìdíje tí wọ́n bá pe Korchnoi sí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì wá, kò gbọdọ̀ pè é. Báyìí ni wọ́n ṣe ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọn kò lè dí ni ọ̀nà adé, nítorí FIDE ló ni ín. Korchnoi gba ọ̀nà náà. Ní ọdún 1977 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1978, ó borí àwọn ọmọ Sófíẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan: Petrosian, Polugaevsky àti Spassky. Petrosian àti Spassky ti dé adé ayé rí. Ó wá ku Karpov.

Oṣù mẹ́ta ní Baguio

Ìlú Baguio, ní ilẹ̀ Filipíìnì, ni wọ́n ti pàdé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ayò mẹ́fà ni yóò gba adé. A kì í ka ọ̀mì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1978. Wọn kò parí títí di oṣù kẹwàá.

Ìfura pọ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan, wọ́n gbé wàrà dídì wá fún Karpov nídìí ayò. Àwọn ti Korchnoi fi ẹjọ́ sùn pé irú wàrà tí wọ́n gbé wá lè jẹ́ àmì tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Onímọ̀ ọkàn ènìyàn kan tún wà lẹ́yìn Karpov. Yóò jókòó sí iwájú, yóò máa wo Korchnoi lójú láìṣẹ́jú. Korchnoi wọ awò tó ń dán bíi dígí sójú. Ọ̀rọ̀ ayò dà bí ọ̀rọ̀ ogun.

Nígbà tí wọ́n ta ayò kẹtàdínlọ́gbọ̀n tán, Karpov ti jẹ márùn-ún, Korchnoi jẹ méjì. Ó ku ẹyọ kan fún Karpov. Àwọn ènìyàn rò pé ó ti parí. Korchnoi jẹ ìkejìdínlọ́gbọ̀n. Ó jẹ ìkọkàndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ta ọ̀mì kan. Ó tún jẹ ìkọkànlélọ́gbọ̀n. Ó di márùn-ún sí márùn-ún! Ẹni tó bá jẹ èyí tó kàn ló ni adé. Nínú ayò kejìlélọ́gbọ̀n, Karpov jẹ. Ayò kan péré ló tún ya àwọn méjèèjì, bíi ti ọdún 1974.

Ọmọ tó wà lẹ́wọ̀n

Ẹni ọdún 47 ni Korchnoi nígbà tó kúrò ní Baguio. Kò fi ọpọ́n sílẹ̀. Ó tún borí àwọn tó kù, ó sì tún kojú Karpov ní Merano, ní ilẹ̀ Ítálì, ní ọdún 1981. Ẹni ọdún 50 ni.

Ṣùgbọ́n ní àkókò yìí, ọmọ rẹ̀ Igor wà lẹ́wọ̀n. Ìjọba pè é sí iṣẹ́ ológun. Igor kọ̀, nítorí pé ẹni tó bá ti ṣe ológun ni wọ́n máa ń sọ fún pé ó ti mọ àṣírí ìlú, kò lè jáde mọ́. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àbọ̀ fún un. Bàbá wà nídìí ayò ní Ítálì, ọmọ wà lẹ́wọ̀n ní Sófíẹ́ẹ̀tì. Korchnoi jẹ ayò méjì, Karpov jẹ mẹ́fà. Ọdún 1982 ni Igor tó bọ́, tí òun àti ìyá rẹ̀ sì rí ọ̀nà jáde.

Ó yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí. Korchnoi ló yan òmìnira, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló san owó rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ san níbẹ̀. Ó yẹ kí a sọ ti Karpov náà. Ọ̀ta gidi ni, ìjọba kọ́ ló bá a jẹ àwọn ayò náà.

Èrè tí kò fẹ́ jẹ lọ́fẹ̀ẹ́

Ní ọdún 1983, ó yẹ kí Korchnoi bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ta ní Pasadena, ní Amẹ́ríkà. Garry Kasparov ni orúkọ rẹ̀, ẹni ogún ọdún. Sófíẹ́ẹ̀tì kọ̀, wọn kò jẹ́ kó lọ. FIDE sọ pé Korchnoi ló jẹ. Bó bá dákẹ́ ni, ó ti gòkè nìyẹn láìta ayò kan. Ṣùgbọ́n ó gbà pé kí àwọn jọ ta á ní London. Nínú àdéhùn tó tẹ̀ lé e, Sófíẹ́ẹ̀tì dẹ́kun títi ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Korchnoi jẹ ayò àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n Kasparov ló borí nígbẹ̀yìn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Kasparov gba adé lọ́wọ́ Karpov.

Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Ẹni tó ti rí i tí wọ́n gbé adé fún Karpov láìta ayò, òun náà ni wọ́n gbé èrè fún láìta ayò, kò sì fẹ́ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ogbó

Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì ló máa ń jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ọdún 50. Korchnoi kò jókòó. Ní ọdún 2006, ó gba ipò kìíní lágbàáyé láàárín àwọn àgbàlagbà. Nígbà tí ọdún 2007 bẹ̀rẹ̀, ó ṣì wà nínú àwọn 100 tó mọ ayò náà ta jù láyé, tàgbà tèwe. Ẹni ọdún 75 ni. Kò sí ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tó wà nínú wọn rí. Ní ọdún 2011, ó pàdé Fabiano Caruana ní Gibraltar. Ọmọ ọdún 18 ni Caruana, ó sì ti wà lára àwọn tó le jù. Bàbá ẹni ọdún 79 náà jẹ ẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn tó pé ẹni 80, ó gba ipò kìíní ní gbogbo Súwísì.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ mú un ní ìparí ọdún 2012. Síbẹ̀, ní ọdún 2014, ó lọ sí Leipzig ní Jámánì, ó bá àgbà ọ̀ta kan, Wolfgang Uhlmann, ta ayò méjì, ó sì jẹ méjèèjì. Ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2016 ló kú, ní ẹni ọdún 85.

Ohun tí a rí kọ́

Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọmọdé nìkan ni ọpọlọ rẹ̀ ń mú nǹkan. Wọ́n á wá sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì wa, wọ́n á ní ọjọ́ ti lọ lórí àwọn. Kí ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ronú sí bàbá yìí. Ní ẹni ọdún 45, ó fi ilé sílẹ̀, ó tún ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì. Ní ẹni ọdún 80, ó ṣì ń jókòó níwájú pákó bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó ń wá ibi tí òun ti ṣì í rìn.

Adé dára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nítorí adé nìkan ni Korchnoi ṣe ń ta ayò, ọjọ́ tó kúrò ní Baguio ni ì bá ti fi ọpọ́n sílẹ̀. Ayò náà ló fẹ́. Ohun tí ènìyàn bá fẹ́ dénú, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe ìjọba, ìbáà ṣe ọjọ́ orí.