Ojú Tí Ayàwòrán Lé Tìróò Sí: Ìtàn Àtúnṣe Fọ́tò ní Ìbàdàn

Nínú gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe sí fọ́tò ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Agbówó, Dùgbẹ̀ àti Challenge, ojú ni ó ń gba sùúrù jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tí ó ni àwòrán máa ń kọ́kọ́ wò láti mọ̀ bóyá òun gan-an ni wọ́n yà. Iṣẹ́ fífi àwọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sí ìpéǹpéjú ẹni tí wọ́n ti yà tán kò bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà rárá. Ọ̀nà méjì ni ó gbà dé Ìbàdàn: àkọ́kọ́ ni tìróò tí àwọn obìnrin ń lé kí kámẹ́rà tó dé, èkejì sì ni pẹ́ńsùlù àti búrọ́ọ̀ṣì tí àwọn ayàwòrán fi ń tún fíìmù àti bébà fọ́tò ṣe.

Tìróò jẹ́ ẹ̀tù dúdú tí wọ́n ń lọ̀ láti ara òkúta dídán kan tí òjé pọ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tí ó wà ní àfonífojì Benue àti ní agbègbè Abakaliki. Tozali ni àwọn Hausa ń pè é. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń lé e sí etí ìpéǹpéjú, kí ó lè fi ààlà dúdú yí ojú ká, kí funfun ẹyinjú sì lè hàn ketekete. Òjé inú rẹ̀ kì í ṣe ohun àfojúfò: nígbà tí wọ́n yẹ tìróò tí ó ti Nàìjíríà dé ìlú Boston ní Amẹ́ríkà wò ní 2011, lẹ́yìn tí òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan níbẹ̀, ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ó jẹ́ òjé. Ṣùgbọ́n ẹwà tí tìróò ń wá, ìyẹn ojú tí ó là, tí ó sì dá yàtọ̀ lára awọ dúdú, ni àwọn agbẹ́gilére náà ń wá nígbà tí wọ́n bá kan ìṣó irin mọ́ àárín ojú ère ìbejì láti fi ṣe ọmọlójú. Robert Farris Thompson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó bi àwọn Yorùbá léèrè nípa bí wọ́n ṣe ń ṣèdájọ́ ère, tẹ èsì wọn jáde ní 1973, ó sì ka jíjọra mọ́ àwọn ìlànà tí ó gbọ́ lẹ́nu wọn. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni pé kí ère jọ ènìyàn níwọ̀nba, kí ó má jìnnà sí i, kí ó má sì ṣe àfarawé gbogbo àbùkù ara rẹ̀. Ìlànà yìí ni ó yẹ kí a fi wọn iṣẹ́ àwọn tí ń tún fọ́tò ṣe, nítorí pé òun náà ni àwọn oníbàárà wọn ń béèrè fún, bí wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ní àkókò fíìmù dúdú àti funfun, Ìbàdàn jẹ́ ibi tí ènìyàn ti lè kọ́ iṣẹ́ yàrá òkùnkùn, níbi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí gbogbo ayé wá mọ̀ nítorí àwọn fọ́tò irun dídì tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ìròyìn ní Ìbàdàn láti 1954. Stephen Sprague, tí ó tẹ ìwádìí jáde lórí fọ́tò àwọn Yorùbá ní 1978, ṣàlàyé pé ẹni tí ó bá wá ya fọ́tò iyì máa ń jókòó ṣánṣán, á sì kọjú sí kámẹ́rà, ojú méjèèjì á là. Ó tún ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìtíì ya fọ́tò, ayàwòrán lè ya èyí tí ó kù, kí ó tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Àwọn òbí tí wọ́n gba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò kà á sí irọ́, nítorí pé òtítọ́ tí kámẹ́rà kò lè rí ni ó sọ.

Bí wọ́n ṣe ń tún ojú ṣe nígbà náà yẹ fún àlàyé dáadáa. Fíìmù máa ń yí ìmọ́lẹ̀ padà, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí ó mọ́ lójú ènìyàn ni ó máa dúdú lára rẹ̀, ibi tí ó dúdú a sì mọ́. Nítorí náà, bí ayàwòrán bá fi pẹ́ńsùlù tí ó mú ṣóńṣó kun ibì kan lára fíìmù, ibẹ̀ á túbọ̀ funfun lórí bébà. Pẹ́ńsùlù lè tipa bẹ́ẹ̀ mú òjìji abẹ́ ojú kúrò, ó lè pa ìlà ọjọ́ ogbó rẹ́, ó sì lè mú kí funfun ẹyinjú tàn, àmọ́ kò lè lé tìróò. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí etí ìpéǹpéjú dúdú sí i gbọ́dọ̀ fi abẹ ha ojú fíìmù náà díẹ̀díẹ̀, níbi tí àṣìṣe kan ṣoṣo ti lè bà á jẹ́ pátápátá, tàbí kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì tínrín kun bébà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́. Irú ọ̀nà kejì yìí ni ó bí fọ́tò tí wọ́n fi ọwọ́ kun ní àwọ̀, irú èyí tí Solomon Osagie Alonge ṣe ní ìlú Benin, níbi tí ó ti ṣí Ideal Photo Studio ní 1942.

Fíìmù aláwọ̀ mú ìṣòro mìíràn wá. Awọ òyìnbó ni ilé iṣẹ́ Kodak fi ń wọn bí àwọ̀ ṣe yẹ kí ó rí, lórí káàdì tí wọ́n ń pè ní Shirley, tí obìnrin òyìnbó wà lórí rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fíìmù bẹ́ẹ̀ kì í fi gbogbo ìyàtọ̀ inú awọ dúdú hàn, tìróò àti òjìji ìpéǹpéjú a sì wọnú ara wọn di ẹyọ dúdú kan.

Lẹ́yìn fíìmù ni kọ̀ǹpútà dé. Thomas Knoll àti John Knoll, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Photoshop, tí ilé iṣẹ́ Adobe gbé jáde ní 1990. Irinṣẹ́ méjì nínú rẹ̀, Dodge tí ń mú ibì kan mọ́ àti Burn tí ń mú un dúdú, gba orúkọ wọn láti inú yàrá òkùnkùn. Ìpele, tí ó wọ inú ètò náà ní 1994, ni ó yí iṣẹ́ ojú padà jù lọ: ó dà bí bébà tí ó mọ́ gaara tí a tẹ́ sórí àwòrán, tí ènìyàn lè kùn, kí ó sì ká kúrò láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Abẹ tí ó lè ba fíìmù jẹ́ di ohun àtijọ́. Agbówó, tí ó kọjú sí ẹnubodè Yunifásítì Ìbàdàn, ti kún fún àwọn ṣọ́ọ̀bù títẹ̀wé àti fọ́tò tí ń sin àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyàwó tuntun ní Bódìjà àti Ring Road náà sì ń wá àwòrán ìgbéyàwó tí ojú wọn pé, pàápàá lẹ́yìn tí Tara Fela-Durotoye ti bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ojú tí ń jẹ́ House of Tara ní 1998, tí iṣẹ́ kíkun ojú ìyàwó sì wá di òwò tí ó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀; yóò kọ́kọ́ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, nítorí pé òjìji tí ó bá lòdì sí ti imú àti ti gèlè ni ó máa ń tú àṣírí àtúnṣe. Lórí ìpele tuntun, ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní Multiply, tí kì í jẹ́ kí àwọ̀ mú ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ ju bí ó ti wà lọ, yóò tọ ìpéǹpéjú lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀, kí ihò awọ ara lè máa hàn síbẹ̀, yóò sì dín agbára àwọ̀ náà kù títí yóò fi jọ ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kùn. Irun ìpéǹpéjú ni yóò máa fà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìdí rẹ̀ nípọn, kí orí rẹ̀ tín, kí ó sì tẹ̀ bí ti ẹni náà ṣe tẹ̀. Kì í fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀ kékeré tí ń tàn nínú ọmọlójú, nítorí pé tí ó bá pa á, ojú náà di ojú ère.

Lẹ́yìn náà ni áàpù orí fóònù tí ń tún ojú ṣe dé: Facetune jáde ní 2013, YouCam Makeup ní 2014, Snapchat sì fi Lenses, tí ń fi ọ̀ṣọ́ lé ojú, kún áàpù tirẹ̀ ní 2015. Láti ìgbà náà ni fóònù ti ń kun ojú fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ìyára wọn dára, àmọ́ irun ìpéǹpéjú kan náà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú gbogbo ènìyàn, ojú ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo àti ti ẹni tí tirẹ̀ fẹ́lẹ́, wọ́n sì ti pàdánù jíjọra níbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àdánù tòótọ́ fún iṣẹ́ tí ó ti pẹ́ tó báyìí.

Àwòrán kan wà tí àtúnṣe kò gbọ́dọ̀ dé, ìyẹn ti ìwé ìrìnnà onítanná tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2007, nítorí pé ẹ̀rọ ni yóò fi ojú inú rẹ̀ wé ojú tí ó dúró níwájú rẹ̀. Lórí àwòrán yòókù, ìyàtọ̀ kan wà láàárín ayé fíìmù àti ti kọ̀ǹpútà tí ó kan òpìtàn gidigidi: bí wọ́n bá gbé fíìmù àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìmọ́lẹ̀, ojú pẹ́ńsùlù ń hàn lára rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n fọ́tò tí wọ́n ti pa gbogbo ìpele rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ kì í sọ èyí tí ó jẹ́ irun ìpéǹpéjú obìnrin náà àti èyí tí ó jẹ́ ti ayàwòrán, àfi bí ṣọ́ọ̀bù tí ó ṣe é bá ṣì tọ́jú fáìlì onípele náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.