Ọjọ́ Tí Ẹ̀gẹ́ Fi Ń Kan Kì Í Ṣe Òfò

Ọ̀rọ̀ gàrí la gbé wá lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé òpin, nítorí kò sí ilé tí kò kàn nínú wa.

*Ibo ni ẹ̀gẹ́ ti wá?*

Ọ̀pọ̀ wa rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti ń jẹ gàrí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣu, ewùrà àti ẹ̀wà ni wọ́n mọ̀. Ilẹ̀ Brazil àti agbègbè rẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Àwọn Potogí ló gbé e wá sí etíkun Áfíríkà láti bí 1500 sí 1600, síbẹ̀ ó pẹ́ gan-an kí ó tó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí ló fà á? Ẹni tó rí ẹ̀gẹ́ tí kò mọ bí a ṣe ń ṣe é, ewu ló gbé wọlé.

Lẹ́yìn 1800 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil bẹ̀rẹ̀ sí padà wá sí Èkó. Àwọn la ń pè ní Àgùdà. Àwọn òpìtàn gbà pé wọ́n wà lára àwọn tó tan ìmọ̀ gàrí ṣíṣe kálẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀sà. Nǹkan bí àkókò kan náà ni Ọba Kòsọ́kọ́, tí wọ́n lé kúrò lórí oyè ní 1851, fi ń gbé ní Ẹ̀pẹ́, kí ó tó padà sí Èkó ní 1862. Nítorí náà, tí àwọn ìyá wa bá ń rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n ń yan án, ìmọ̀ tó la òkun kọjá ni wọ́n dì mú.

*Kí ló wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù?*

Oró wà nínú rẹ̀, pàápàá èyí tó korò. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ ṣì wà ní odindi, oró náà kò tíì jáde. Ìgbà tí a bá rin ín ni omi ara rẹ̀ àti ohun tó ń tú oró yìí yóò pàdé. Ohun tó máa ń jáde nígbà náà là ń pè ní sáyánáìdì. Afẹ́fẹ́ ló máa ń bá lọ, tí a bá fún un láyè.

Ẹ wá wo ọgbọ́n àwọn ìyá àgbà. Rírin ẹ̀gẹ́ ló ń tú oró náà sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tó fi ń kan nínú àpò ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ náà parí. Òkúta tí a gbé lé àpò ń fún omi olóró jáde. Iná abẹ́ agbada sì ń lé èyí tó kù lọ. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ àṣà lásán. Gàrí Ìjẹ̀bú tó máa ń kan lẹ́nu, kíkan yẹn ni ẹ̀rí pé ó pẹ́ nínú àpò.

*Dókítà Ọ̀ṣúntókun àti àìsàn ẹsẹ̀*

Láàárín 1960 sí 1970, Dókítà Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tó ń ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn, ṣe ìwádìí nípa àìsàn kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń ṣe máa ń jó bí iná, tàbí kí wọ́n má mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ńṣe ni wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ojú àwọn kan ń ṣe bàìbàì, etí àwọn mìíràn ń di. Ní 1968, ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde, ó sì tọ́ka sí oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwọn aláìsàn náà ń jẹ lójoojúmọ́, láìsí ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà tó pọ̀ tó pẹ̀lú rẹ̀.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà lára ibi tó ti wọ́pọ̀, kò sì jìnnà sí Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú. Ní ìlú Òṣósà, ìlú olóògbé Hubert Ògúnǹdé, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2000 fi hàn pé àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀: nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100 ló ní in, ó sì pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ.

A kò ní purọ́ fún yín: àwọn oníṣègùn kò tíì fẹnu kò pé sáyánáìdì nìkan ló fa ti Òṣósà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sí àríyànjiyàn lé lórí. Ní 1981, ọ̀dá dá ní Mòsáńbíìkì. Ebi lé àwọn ènìyàn débi pé wọ́n ń jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò láìdúró kí oró rẹ̀ jáde. Ẹsẹ̀ ènìyàn tó lé ní 1,000 rọ, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn.

*Ẹja inú ọbẹ̀ kì í ṣe fáàrí*

Ara wa mọ bí ó ṣe ń pa ìwọ̀nba oró tó bá ṣẹ́kù, tí a ó sì tọ̀ ọ́ dànù. Ṣùgbọ́n imí-ọjọ́ tó ń lò fún iṣẹ́ yìí, inú oúnjẹ amúaradàgbà ló ti ń rí i: ẹja, ẹyin, ẹran, ẹ̀wà. Gàrí fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní in rárá. Okun ló ń fúnni.

Nítorí náà, ìyá àgbà tó ń dá gbé, tó ń mu gàrí láàárọ̀, tó tún ń jẹ ẹ̀bà lálẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ní nǹkan nínú, inú rẹ̀ kún ni, ara rẹ̀ kò jẹun. Ẹ̀yin tí ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ wà nítòsí yín, ẹja kéékèèké olówó pọ́ọ́kú tó. Ẹ̀wà náà tó.

*Ohun tí a lè ṣe*

1. Ẹ̀yin tó ń ṣe gàrí, ẹ má ṣe jẹ́ kí oníbàárà tó ń kánjú mú yín dín ọjọ́ kíkan kù. Ẹ̀rọ lè bá wa rin ín, kò lè bá wa dúró dè é.

2. Epo pupa dára, ó ń ṣe ojú lóore. Ṣùgbọ́n kì í pa oró ẹ̀gẹ́. Gàrí pupa tí kò kan tó, kò kan tó náà ni.

3. Fùfú àti láfún, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ wọn rẹ dáadáa, kí ẹ sì da omi rẹ̀ nù.

4. Ẹ bo gàrí yín, kí eku má dé ibẹ̀. Gàrí tí a fẹ́ mu kò ní rí iná mọ́, eku sì ni ó ń gbé ibà Lassa kiri.

5. Bí ẹsẹ̀ bá ń jó yín tàbí tí ẹ kò mọ ilẹ̀ mọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Àtọ̀gbẹ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ pé ọjọ́ ogbó ni.

Kò sí ẹni tó ní kí a má jẹ gàrí mọ́. Gàrí ló gbé ọ̀pọ̀ wa dé ibi tí a dé. Àgbà ló sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀sọ̀ yẹn ni àwọn ìyá wa fi sínú àpò ẹ̀gẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ìkánjú yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì kà á sí etí ìyá tí kò lè kà á fúnra rẹ̀. Olúwa yóò máa ṣọ́ ẹ̀mí wa o. Àṣẹ.